Ẹ̀gbẹ́ ìbàdí tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn lóru: wíwọ́ ni, abẹ́rẹ́ ni, àbí físíò?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 53 ni mí, olùkọ́ ni mí n'Íbàdàn. Ó ti pé oṣù méje tí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí mi ọ̀tún ti ń dùn mí, níbi eegun tó yọ síta yẹn gan-an. Nígbà mìíràn ó máa ń gba ẹ̀gbẹ́ itan sọ̀ kalẹ̀ dé orúnkún. Mi ò lè fi ẹ̀gbẹ́ náà sùn. Bí mo bá yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á tún máa ro mí. Bí mo bá dìde lórí àga, ìṣísẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, àfi kí n tiro. Wọ́n yàwòrán X-ray, wọ́n ní eegun mi ò ṣe nǹkan kan. Ẹnì kan ní lákúrègbé ni. Ẹnì kan ní kí n wá ẹni tí yóò máa wọ́ ọ fún mi. Dókítà ní kí n gba abẹ́rẹ́ steroid, oògùn tó ń dín wíwú àti ìrora kù. Ọmọ mi tó wà ní London ní físíò ni kí n lọ rí. Èwo ni kí n ṣe? Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi.

* * *

Mà, ẹ kú ìfaradà. Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, iṣẹ́ fífi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, ó ti lé lọ́dún 15, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí ìyá kan má wọlé wá sọ ohun tí ẹ sọ yìí fún mi. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, láti ogójì ọdún sókè, pàápàá àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti ń dáwọ́ dúró. Mi ò lè yẹ̀ yín wò láti ibi tí mo wà. Ṣùgbọ́n pé ẹ ò lè fi ẹ̀gbẹ́ sùn, pé ó ń gba ẹ̀gbẹ́ itan sọ̀ kalẹ̀, pé ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìjókòó ló ń le jù, ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń tọ́ka sí.

Ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ìbàdí yín. Kókó tí ọwọ́ yín bà yẹn, apá òkè eegun itan ni. Iṣan méjì ló ti inú ìdí wá so mọ́ ọn, gluteus medius àti gluteus minimus. Àwọn ló ń di ìbàdí mú nígbà tí a bá gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀, kí ìdí má baà fì sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Gbogbo ìṣísẹ̀ tí a bá gbé, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ìparí iṣan yẹn, níbi tó ti di okùn líle kó tó so mọ́ eegun, ibẹ̀ ló ti rẹ̀, tó ti ń pàdánù agbára rẹ̀. Gluteal tendinopathy ni wọ́n ń pè é báyìí.

Tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé àpò omi kékeré tó wà níbẹ̀ ló wú. Bursitis ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà ṣì pọ̀ lórí káàdì ilé ìwòsàn wa. Nígbà tí wọ́n wá ń fi scan àti MRI, àwọn ẹ̀rọ tó ń fi iṣan hàn, wo ó dáadáa, wọ́n rí i pé okùn iṣan fúnra rẹ̀ ló ní ìṣòro lára ọ̀pọ̀ èèyàn, àti pé kí àpò omi nìkan wú láìsí ti okùn iṣan kò wọ́pọ̀. X-ray kì í ya iṣan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní eegun yín ò ṣe nǹkan kan: òótọ́ ni wọ́n sọ, ibi tí wọ́n ń wò kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà ni.

Ẹ gbìyànjú nǹkan kan. Ẹ dúró ti ògiri, kí ìka ọwọ́ kan ṣoṣo kan ògiri kí ẹ má baà ṣubú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò nílẹ̀, kí ẹ fi ọ̀tún nìkan dúró, kí ẹ ka iye ìṣẹ́jú àáyá títí dé 30. Bó bá jẹ́ pé ìrora tí ẹ mọ̀ yẹn gan-an ló yọjú ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, àmì tó lágbára ni. Lẹ́yìn náà ẹ jókòó kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀. Bí wíwọ ìbọ̀sẹ̀ bá rọrùn, ó ṣeé ṣe kí oríkèé ìbàdí fúnra rẹ̀ má ní wàhálà, torí ẹni tí oríkèé rẹ̀ ti jẹ, bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń fún un níṣòro.

* * *

Ọ̀pọ̀ ti kọ èsì sábẹ́ ìbéèrè yìí, ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn. Bàbá kan kọ ọ́ pé lákúrègbé ni, pé kí wọ́n se àgbo, kí wọ́n yé jókòó sórí ilẹ̀ tútù. Bàbá, ẹ má bínú. Lákúrègbé ni à ń pe ohun gbogbo tó bá ti ń dunni lóríkèé tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun, orúkọ kan náà la fi bo àìsàn mẹ́wàá. Iṣan tó rẹ̀ yàtọ̀ sí oríkèé tó jẹ. Oríkèé orúnkún tó ń dun ìyá àgbà, oríkèé ìka tó ń wú láàárọ̀, ẹ̀gbẹ́ ìbàdí tó ń ro ní òru, ìtọ́jú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò jọra. Ilẹ̀ tútù ò fa èyí. Ṣùgbọ́n ìjókòó tó *rẹlẹ̀* lè dá kún un, mo máa débẹ̀.

Ẹlòmíràn ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí wọ́n yé jẹ ṣúgà. Ìyẹn náà ò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti rí obìnrin tó fi ọdún méjì mu agbo jẹ̀díjẹ̀dí fún iṣan ìbàdí. Ìgbẹ́ ló ń yà, ìrora náà ò kúrò lójú kan.

* * *

Ọ̀rọ̀ wíwọ́ àti fífa ni mo fẹ́ kí á jókòó lé, torí ibẹ̀ ni àwa àti àwọn èèyàn wa ti máa ń jà jù, ibẹ̀ náà ni àwa físíò fúnra wa ti ṣe àṣìṣe fún ọjọ́ pípẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé: iṣan ti le, ẹ fà á kó rọ̀. Nítorí náà wọ́n á ní kí ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ fa orúnkún kọjá àyà lọ sí èjìká òdìkejì. Tàbí kí ẹ dúró, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ẹ̀yìn ìkejì, kí ẹ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ó máa ń dà bíi pé ó tura lẹ́sẹ̀ kan náà. Èmi náà ti kọ́ àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo kábàámọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Okùn iṣan yìí gba orí kókó eegun kọjá kó tó so mọ́ ọn. Bí ẹsẹ̀ bá ti kọjá sí inú, tí itan ọ̀tún bá ń lọ sápá òsì, okùn náà á nà, á sì fẹ̀yìn lé eegun. Lókè rẹ̀ iṣan fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tún wà tó gba ẹ̀gbẹ́ itan sọ̀ kalẹ̀ dé orúnkún, òun náà á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nítorí náà eegun ń tì í láti abẹ́, iṣan fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ látòkè. Okùn iṣan lè fara da kéèyàn fà á, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa fún un pọ̀ báyìí ló ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń fà á láàárọ̀ àti lálẹ́ ń fún ibi tó ń dùn pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Ti wíwọ́ ńkọ́? Bí ẹnì kan bá fi òróró ra àárín ìdí, níbi tí ẹran wà, kò sí wàhálà, ó lè jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ìgunpá tẹ orí kókó eegun yẹn mọ́lẹ̀, kí wọ́n ní àwọn fẹ́ «fọ́ iṣan tó dì», ẹ má gbà. Ìyá kan wọlé tọ̀ mí wá tí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí rẹ̀ ti dúdú, tí awọ ibẹ̀ sì ti bó. Àdín gbígbóná ni wọ́n fi ń wọ́ ọ, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń sunkún nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, ó ní òun rò pé bó bá ṣe ń dùn tó ni yóò ṣe yá tó.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá mi, torí ọ̀rọ̀ iṣan yìí ò tíì yé mi dáadáa kó tó kan òun.

Àdìrẹ ni ìyá mi ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Ó ti ń dùn ún fún ọdún kan kó tó sọ fún mi, èmi tí mo ń ṣe físíò. Mo fún un ní eré ìdárayá, ó ń ṣe é, kò lọ. Mo wá lọ jókòó tì í ní ìsọ̀ lọ́jọ́ kan, láti aago mẹ́wàá títí di ìrọ̀lẹ́, mi ò ṣe nǹkan kan ju kí n máa wò ó.

Oníbàárà dé. Ìyá mi dìde, ó ti ìbàdí ọ̀tún síta, ó fi gbogbo ara lé ẹsẹ̀ kan yẹn, ó gbé ìgunpá lé òkìtì aṣọ, ó sì ń na yáàdì aṣọ kan tẹ̀lé òmíràn sílẹ̀ fún ẹni tó ń wò. Wọ́n ná an fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò pààrọ̀ ẹsẹ̀. Oníbàárà lọ, ó jókòó sórí àpótí kékeré tí kò ga ju ìbọ̀sẹ̀ lọ, orúnkún rẹ̀ ga ju ìdí rẹ̀ lọ, ó sì pa itan pọ̀ pinpin bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti kékeré. Òmíràn dé, ó tún dìde, ìbàdí ọ̀tún tún yọ síta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jí lójú oorun, ó gbé e, ó gbé e kọ́ ìbàdí kan náà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ mo ti ka ìgbà 20 ó lé, mo sì jáwọ́ nínú kíkà.

Eré ìdárayá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fún un. Wákàtí mẹ́jọ ló fi ń fún un pọ̀.

A ò dá ọjà dúró. A pààrọ̀ àpótí sí àga tó ga. A gbé ìrọ̀rí pẹlẹbẹ lé e lórí kí ìdí rẹ̀ lè ga ju orúnkún lọ. Mo ní kó máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró bákan náà, kí wọ́n jìnnà síra bí ìbú ìdí, kó fara ti tábìlì bó bá rẹ̀ ẹ́. Kó pọn ọmọ sẹ́yìn dípò kó gbé e kọ́ ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó pè mí láàárọ̀ kùtù, ó ní òun sùn mọ́jú.

* * *

Arábìnrin tó kọ̀wé pé «obìnrin kì í ya itan jókòó, kí ni ẹ ń kọ́ wa?» Mo gbọ́ yín, wọ́n kọ́ èmi náà bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ya itan. Kí orúnkún jìnnà síra ní ìwọ̀n ìkúùkù méjì péré, lábẹ́ ìró tó bo ẹ títí dé kókósẹ̀, ta ló ń rí i? Gbígbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ ló burú jù lọ, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ìpàdé, lórí sófà. Ẹni tó bá jáwọ́ nínú rẹ̀ nìkan, tí kò tíì ṣe nǹkan mìíràn, máa ń rí ìyàtọ̀.

Oorun náà nìyí, torí ó ń fún èèyàn pọ̀ fún wákàtí mẹ́fà láìmọ̀. Bí ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn sùn, ibùsùn ń tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá yí sí ìkejì, ẹsẹ̀ tó wà lókè á ṣubú síwájú, orúnkún rẹ̀ á kan bẹ́ẹ̀dì, okùn á tún fún. Ìdí tí ẹ fi ní ìkejì náà ń ro yín nìyẹn. Ẹ fi ìrọ̀rí sí àárín ẹsẹ̀, kó gùn láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìrọ̀rí kékeré tó wà ní orúnkún nìkan kò tó, ọrùn ẹsẹ̀ á ṣì já sílẹ̀. Bí ẹ bá lè fẹ̀yìn sùn, ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún méjèèjì. Ẹni tó ń sùn lórí ẹní, kó ká bùláńkẹ́ẹ̀tì nípọn sábẹ́ ìdí kó tó dùbúlẹ̀.

* * *

Abẹ́rẹ́. Ẹni mẹ́rin ló ti bèèrè, méjì ti gbà á. Ọ̀kan ní bí iṣẹ́ ìyanu ló rí, ọ̀kan ní oṣù mẹ́ta péré ló fi sùn dáadáa, ó tún padà dé. Àwọn méjèèjì ń sọ òótọ́.

Ní Australia, ní Brisbane àti Melbourne, wọ́n kó èèyàn 204 tó ní ìrora yìí jọ, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan gba abẹ́rẹ́ steroid lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan lọ rí físíò ní ìgbà 14 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n kọ́ wọn ní bí wọ́n á ṣe máa dúró, jókòó àti sùn, wọ́n sì fún wọn ní eré ìdárayá. Àwọn yòókù, ìmọ̀ràn díẹ̀ ni wọ́n fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n máa wò ó. BMJ, ìwé ìròyìn ìṣègùn ti Britain, gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, bíi 77 nínú àwọn ti físíò ló sọ pé ara àwọn ti yá dáadáa, bíi 58 nínú àwọn abẹ́rẹ́, bíi 29 nínú àwọn tó ń wò ó. Lẹ́yìn ọdún kan ó di 79, 58, àti 52. Kí n má fi nǹkan kan pamọ́: ní ọdún kan yẹn, bí a bá wo bí ìrora ṣe pọ̀ tó nìkan, ti físíò àti ti abẹ́rẹ́ ò yàtọ̀ síra mọ́. Ibi tí físíò ti borí ni iye àwọn tó sọ pé ara àwọn yá.

Èyí tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tó jáde ní 2009, lórí èèyàn 229, jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹni méjì tó kọ̀wé yẹn yé mi. Ní oṣù kan, bíi 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ti rí ìwòsàn; àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá nílé, bíi 7 péré. Ẹ rò ó wò, ẹ ti ń ṣe é fún oṣù kan, ẹ ò rí nǹkan, aládùúgbò yín tó gba abẹ́rẹ́ ń jó. Ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, abẹ́rẹ́ ti já sí 48, eré ìdárayá ti di 80.

Ẹnì kan ti dá mi lóhùn kíá pé àwọn ti Jámánì yẹn *fa* iṣan, pé wọ́n fi kún eré ìdárayá wọn. Òótọ́ ni, mo dúpẹ́ pé ẹ kà á. Wọ́n fà á, ó sì yá lára ọ̀pọ̀ wọn nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó. Àwọn ti Australia, tí wọ́n ní kí wọ́n yé fún un pọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni tiwọn. Ìwádìí méjì tó yàtọ̀ ni, a ò lè gbé ọ̀kan lé ìkejì ká ní a ti wọ̀n ọ́n tán. Ohun tí mo rí lójú ara mi lára àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ló mú mi dúró sí apá kan: ọjọ́ tí a bá ti dá fífà dúró, oorun ló kọ́kọ́ máa ń padà.

Tó bá jẹ́ pé ìrora náà ò jẹ́ kí ẹ lè ṣe ohunkóhun, tí ẹ ò sùn láti oṣù, mi ò ní bá dókítà yín jà bó bá fún yín ní abẹ́rẹ́ kan. Ẹ lò ó bí àyè láti fi bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀kẹrin, rárá. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹ sọ fún dókítà kó tó gún un, torí steroid máa ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Abẹ́rẹ́ Diclofenac tí wọ́n ń gún yín ní ìdí ní kẹ́míìsì, èyí kọ́ nìyẹn o. Ẹ yé jẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ gún yín ní ìdí, iṣan ìmọ̀lára (nerve) ńlá tó ń lọ sí ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, mo ti rí ọmọdé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ nítorí rẹ̀.

* * *

«Ẹ sọ eré ìdárayá náà fún wa, owó físíò ti wọ́n.» Mo gbà. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kí wọ́n yẹ̀ yín wò, kí wọ́n sì kọ́ yín. Èyí tó kù, ilé yín ni ẹ ó ti ṣe é. Kò sí ẹ̀rọ tó ń tàn yòò tó máa ṣe é fún yín. Físíò tó bá gbé ẹ̀rọ gbígbóná lé yín lára fún ìṣẹ́jú 20, tó gba owó, tó ní kí ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀, láìkọ́ yín ní ohun kan tí ẹ ó ṣe, ẹ bi í léèrè.

Ìbẹ̀rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ọ̀já tí ẹ fi ń pọn ọmọ. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún sókè, ẹsẹ̀ jìnnà síra bí ìbú ìdí. Ẹ di ọ̀já mọ́ itan méjèèjì lókè orúnkún, kó má fún jù. Ẹ wá rọra ti orúnkún síta, bíi pé ẹ fẹ́ ya ọ̀já náà, ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ má kúrò níbi tó wà. Kí agbára náà kéré, bíi ìdá kan nínú mẹ́ta agbára yín. Ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ sinmi. Ìgbà mẹ́wàá, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé èyí nìkan ń jẹ́ kí àwọn lè sùn bí wọ́n bá ṣe é kí wọ́n tó lọ sùn.

Lẹ́yìn náà, gbígbé ìdí sókè nílẹ̀. Bí ẹ ṣe dùbúlẹ̀ náà, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, ẹ gbé ìdí kúrò nílẹ̀, ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Mẹ́wàá. Bó bá ti rọrùn, ẹ gbé ìwúwo púpọ̀ lé ẹsẹ̀ tó ń dùn. Bó bá tún rọrùn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ṣe é.

Dídìde lórí àga. Àga tó ga ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ dìde láìfi ọwọ́ tì í, ẹ rọra jókòó padà, ẹ ka mẹ́ta kí ìdí tó kan àga. Orúnkún ò gbọdọ̀ ya wọnú kí wọ́n fẹ́ kanra. Ẹ wo ara yín nínú dígí.

Lẹ́yìn èyí ló kan rírìn sí ẹ̀gbẹ́: ẹ di ọ̀já tàbí rọ́bà mọ́ itan, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ gbé ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ọ̀tún ní palọ̀, ẹ gbé mẹ́wàá padà. Àti dídúró lórí ẹsẹ̀ kan pẹ̀lú ìdí tó tẹ́jú, tí kò fì. Èyí tó le yìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó. Okùn iṣan nílò ọjọ́ ìsinmi láàárín.

* * *

Ẹni tó ní «èmi ṣe é, ó burú sí i, mo fi í sílẹ̀»: ìyẹn wọ́pọ̀ jù, kì í ṣe ẹ̀bi yín. Àṣejù ló máa ń fa á, tàbí kí ẹ ti ibi tó le bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìrora wọ̀n láti òdo dé 10. Bó bá jẹ́ 4 tàbí 5 nígbà tí ẹ ń ṣe é, tó sì lọ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, tí òru ò burú ju ti tẹ́lẹ̀, ẹ máa bá a lọ. Bí òru yẹn bá burú, tí àárọ̀ ọjọ́ kejì bá le, ẹ dín in kù, ẹ má dá a dúró. Òru ló ń sọ òótọ́ fún èèyàn nínú àìsàn yìí.

Ìsinmi pátápátá tí àwọn ọmọ yín máa ń pàṣẹ fún yín, «Mọ́mì, ẹ jókòó, ẹ má dìde», ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n iṣan tí kò ṣiṣẹ́ ń dínkù sí i. Ọjọ́ tí ẹ bá tún gun àtẹ̀gùn, iṣẹ́ náà á ju agbára rẹ̀ lọ.

* * *

Àwọn kan ń jà lórí ọwọ́ tó yẹ kéèyàn fi di ọ̀pá mú àti èyí tó yẹ kó fi gbé báàgì, ẹ jẹ́ kí n là á. Bí ẹ bá lo ọ̀pá, ọwọ́ *òdìkejì* ni. Ìbàdí ọ̀tún ń dùn, ọ̀pá wà lọ́wọ́ òsì, kí ó máa bá ẹsẹ̀ ọ̀tún jáde. Ṣùgbọ́n báàgì ọjà tàbí korobá omi, ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ *kan náà* tó ń dùn ni. Mo mọ̀ pé ó takora létí. Ohun tó fà á ni pé ẹrù tó wà lọ́wọ́ òsì máa ń fa ìdí sílẹ̀ lápá òsì, iṣan ọ̀tún ló gbọ́dọ̀ fà á padà. Ẹrù tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ láàárín palọ̀ yín, ẹ ó rí i.

Dánfó àti àtẹ̀gùn: ẹsẹ̀ tó dára ni kó kọ́kọ́ gòkè, ẹsẹ̀ tó ń dùn ni kó kọ́kọ́ sọ̀. Ẹ di irin mú. Ẹ sọ fún kọ̀ńdọ́ kó ní sùúrù.

* * *

Ọmọ wa tó wà ní London, tó ní físíò tí wọ́n fún ìyá ọ̀rẹ́ òun jẹ́ ìwé pélébé kan tí wọ́n ya àwòrán fífa iṣan sí: ìwé àtijọ́ ṣì wà káàkiri. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní England, èèyàn lè fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún físíò láìdúró de lẹ́tà GP, ìyẹn dókítà àdúgbò. Nígbà tí ìyá náà bá dé ọ̀dọ̀ físíò, kó bèèrè tààrà pé, «Ṣé gluteal tendinopathy ni? Kí ni kí n yé ṣe? Báwo ni a ó ṣe máa fi agbára kún un?»

* * *

Mi ò fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ìbàdí ń dùn ka èyí kó wá jókòó sílé. Bó bá jẹ́ pé iwájú, níbi tí itan ti pàdé ìsàlẹ̀ ikùn, ni ìrora wà, ìyẹn lè jẹ́ oríkèé. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS tí ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, kó tètè lọ ilé ìwòsàn, torí ẹ̀jẹ̀ lè ti dáwọ́ dúró sí orí eegun itan, eegun náà sì lè kú. Ẹni tó ṣubú tí kò lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ẹni tí ibà ń ṣe, tó ń rù láìnídìí, tàbí tó ti ní jẹjẹrẹ rí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú tipiri, tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Àwọn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀já àti ìrọ̀rí.

Ẹ tún kíyè sí Cipro tí ẹ máa ń rà fún tàífọ́ọ̀dù láìrí dókítà. Òun àti àwọn oògùn tó jọ ọ́ lè ṣe okùn iṣan léṣe, ti gìgísẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń bá jà jù. Bí iṣan bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín nígbà tí ẹ ń lò ó, ẹ dá a dúró kí ẹ rí dókítà.

* * *

Mà, mo rí èsì yín, pé ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pé ẹ ti ń sùn títí di aago mẹ́rin, pé ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ ò le bíi ti tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ ò tíì lè dúró kọ́ni fún wákàtí méjì. Inú mi dùn gan-an. Ibi tó yẹ kí ẹ wà gan-an ni ẹ wà. Ẹ gbé àga gíga kan sí iwájú kíláàsì, kí ẹ máa fìdí kàn án láàárín ẹ̀kọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rírìn sí ẹ̀gbẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, ìṣísẹ̀ márùn-ún péré.

Ní ti ìgbéyàwó ọmọ yín lóṣù Kejìlá: ẹ jó. Ẹ má fi ìdí kan ṣoṣo sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ dúró síbẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ jókòó lẹ́yìn orin méjì. Bí ẹ bá fẹ́ kúnlẹ̀ kí àwọn àna yín, ẹ fi ẹsẹ̀ òsì dìde. Kí ẹ sì mú ìrọ̀rí gígùn yẹn dání bó bá jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ni ẹ ó sùn, tiwọn máa ń kúrú jù.